Ìpín Kẹta Ò Tíì Jáde

17 · dúdú

…tí mo fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, àga bàbá wa ni mo kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe ẹni tó jókòó sórí ẹ̀. Àga.

Awọ pupa. Ẹsẹ̀ irin tó wúwo ju mọ́tò lọ, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ, mo ti dá gbé mọ́tò rí. Tí o bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ irin ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, á máa gbé ẹ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ bí ọba. Bàbá wa gẹrun fún èèyàn lórí ẹ̀ títí tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi gbà á, òun náà ń gẹrun lórí ẹ̀. Kò sí orí kan ládùúgbò wa tí kò tíì sinmi lé àga yẹn. Orí adájọ́ pàápàá.

Méjìlá-Méjìlá ló wá jókòó sórí ẹ̀ báyìí, nínú yàrá òkè ilé tẹ́tẹ́. Ó na ọ̀pá sí síkíríìnì ara ògiri, ó ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jẹ tẹ́tẹ́.

Síkíríìnì yẹn ni wọ́n ní kí n wá tún ṣe. Mo kí i dáadáa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá." Mo rẹ́rìn-ín. Nínú mi lọ́hùn-ún, mo ti gbẹ́lẹ̀, mo ti sin ín, mo ti ń jó lórí ẹ̀.

5 · pupa

Nọ́ńbà tó wà lókè ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ má wulẹ̀ máa tò ó. Bí bọ́ọ̀lù ṣe ń jábọ́ ni mo ṣe ń kọ ọ́.

Wíìlì kan wà nísàlẹ̀ ilé yẹn, ó fẹ̀ bí àwo ìfọṣọ. Ihò mẹ́tàdínlógójì ló yí i ká: òdo kan, àti oókan títí dé mẹ́rìndínlógójì. Wọ́n á yí wíìlì, wọ́n á ju bọ́ọ̀lù kékeré sí i. Ihò tó bá bọ́ sí, nọ́ńbà yẹn ló jáde. Ike ni owó ibẹ̀. Wọ́n á gba owó gidi lọ́wọ́ ẹ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á kó ike fún ẹ, kó má baà dùn ẹ́ tó bá ń lọ.

Tó bá ń ṣe ẹ́ bíi pé nọ́ńbà kan ṣoṣo kéré, mú ìpín. Ìpín kìíní: 1 dé 12. Àárín: 13 dé 24. Ìpín kẹta: 25 dé 36. Tí ìpín ẹ bá jáde, ike kan á di mẹ́ta.

Ó tán. Ọmọ ọwọ́ lè ta á. Èmi ti mọ̀ ọ́n ta kí wọ́n tó bí mi.

20 · dúdú

[Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri àtẹ̀gùn]

KÍ LÓ DÉ TÍ O FI Ń PÀDÁNÙ?
O Ò MỌ ÌPÍN KÀ NI!

Gòkè wá. Ọ̀gá Méjìlá-Méjìlá á kọ́ ẹ:
bí a ṣe ń mọ ìpín tó ti sùn pẹ́
bí a ṣe ń mọ ìgbà tó fẹ́ jí
bí a ṣe ń gun ìpín tó ń sáré kó tó rẹ̀ ẹ́

WÍÌLÌ KÌ Í GBÀGBÉ. ÌWỌ NÁÀ MÁ GBÀGBÉ.

Àkíyèsí: Ọ̀gá kì í ta tẹ́tẹ́ fúnra ẹ̀. Olùkọ́ ni.

11 · dúdú

Olùkọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìlà yẹn kà.

14 · pupa

Ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ń gẹrun fún bàbá kan. Apá ọ̀tún ti mọ́. Ó kàn ṣàdédé pa kílípà.

"Àbúrò, ìpín kìíní ti sùn, kò tíì jáde látàárọ̀."

"Ẹ gẹ apá òsì fún bàbá ná."

"Ó ti sùn jù. Kò lè sùn títí láé."

Ó sáré jáde. Bàbá yẹn jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú orí ìlàjì títí a fi fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Èmi ni mo fi sísọ́ọ̀sì parí ẹ̀. Ó wo dígí, ó ní látìgbà tí wọ́n ti bí òun, òun ò rí irú orí báyìí rí. Mo ní ẹ ṣé.

Ìpín kìíní ò jí. Ẹ̀gbọ́n mi ta fáànù. Kò jí. Ó ta dígí ńlá. Kò jí. Ó wá ku àga.

Méjìlá-Méjìlá fúnra ẹ̀ ló rà á. Ó ní, "Má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ àjèjì. Èmi á bá ẹ tọ́jú ẹ̀." Ẹ̀gbọ́n mi dúpẹ́. Ẹ gbọ́ mi? Ó DÚPẸ́. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un lórí sìmẹ́ńtì.

Ọjọ́ kejì ni ìpín kìíní jí.

9 · pupa

[Ohun tí fóònù mi gbà sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé tẹ́tẹ́, ọ̀sán, kò tíì sí èrò. Èmi àti obìnrin tó ń yí wíìlì, tí gbogbo ayé ń pè ní Dílà.]

ÈMI: Nínú gbogbo àwọn tó ń yí wíìlì láyé, ẹ̀yin lẹ rẹwà jù.

DÍLÀ: Mélòó lo ti rí?

ÈMI: Ẹgbẹ̀rún méjì.

DÍLÀ: Gbé àkàbà ẹ kúrò lójú ọ̀nà mi.

ÈMI: Kí ló dé tí Méjìlá-Méjìlá kì í ta?

DÍLÀ: Ṣé orí ẹ̀ dàrú ni?

ÈMI: Ó ṣáà ń kọ́ wọn.

DÍLÀ: Gbogbo ẹni tó bá rán wá sísàlẹ̀, tó bá ti pàdánù, ilé yìí ń bù fún un nínú owó ẹni yẹn. Ẹni tó bá jẹ, kò kàn án. Má sọ pé èmi ni mo sọ fún ẹ o.

ÈMI: Ẹnu mi le bí irin.

DÍLÀ: Ẹnu tìẹ kẹ̀?

[Ó rẹ́rìn-ín títí bọ́ọ̀lù fi bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀.]

ÈMI: Ẹ jọ̀ọ́, wíìlì yìí, ṣé kì í gbàgbé lóòótọ́?

DÍLÀ: Igi àti irin ni. Kí ló fẹ́ rántí?

2 · dúdú

Mo búra. Àga yẹn á padà sílé. Mi ò ní rà á o. Màá gbà á. Lójú gbogbo àwọn tó ń pè é ní ọ̀gá ni màá ti gbà á, kó wà lórí ìdúró, kó máa wá ibi tó máa fìdí lé, kó má rí.

19 · pupa

[Ìwé iṣẹ́. Mo fún máníjà ní ẹ̀dà kan.]

Bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì: ó ti kú. Mo ti gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi. Pààtì ẹ̀ ń bọ̀ láti òkè òkun.
Síkíríìnì yàrá òkè: mo ti tún un ṣe. Ó ti dára ju tuntun lọ.

[Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀.]

Bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ò kú. Wáyà kan ló já.
Síkíríìnì òkè: rìmóòtù ẹ̀ wà lápò mi.

8 · dúdú

Ẹ fara balẹ̀, ibí ni ọgbọ́n wà.

Méjìlá-Méjìlá kì í sọ̀ kalẹ̀ wá sídìí wíìlì. Ó ní ariwo ibẹ̀ ń da òun lọ́kàn rú. Orí àga ló ń wà, síkíríìnì ló ń wò. Tí kíláàsì bá ti bẹ̀rẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ta títí òun á fi pàṣẹ. Ohun tí síkíríìnì bá ti wí, ohun tí bọ́ọ̀lù ṣe nìyẹn.

Mo wá gun àkàbà mi níbi igun ìsàlẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni ń yẹ wáyà wò. Dílà á pariwo nọ́ńbà. Tó bá jẹ́ ìpín kìíní tàbí àárín, mi ò fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ ìpín kẹta, mo fi rìmóòtù tẹ nọ́ńbà míì sí síkíríìnì òkè.

31 di 13.
28 di 6.
34 di òdo, torí pé mo fẹ́ rẹ́rìn-ín.

Nísàlẹ̀, ìpín kẹta ń jáde bí omi ẹ̀rọ. Lókè, ó ti kú, wọ́n ti ń ṣọ̀fọ̀ ẹ̀. Mo fẹ́ kí Méjìlá-Méjìlá rò pé ó fẹ́ jí, kó sọ̀ kalẹ̀ wá ta á, kó pàdánù títí dórí àga.

23 · pupa

[Inú orí Méjìlá-Méjìlá. Mi ò sí níbẹ̀, àmọ́ mo mọ ibẹ̀ ju dókítà ẹ̀ lọ.]

Kò jáde. Kò tún jáde. Látìgbà tí mo ti ń kọ́ wọn, ìpín kan ò sùn tó báyìí rí. Wọ́n ti ń mí gúlegúle níwájú mi. Wọ́n ń wojú mi. Olùkọ́ ni mí. Tí wọ́n bá wá lọ, tí gbogbo wọn jẹ, tí èmi nìkan jókòó síbí ńkọ́? Olùkọ́ ni mí. Olùkọ́ ni… Ẹsẹ̀ mi ti kan ilẹ̀. Ta ló gbé ẹsẹ̀ mi sílẹ̀?

4 · dúdú

Mo gbọ́ ìró bàtà lórí àtẹ̀gùn bí ìgbà tí màlúù ń já bọ̀. Òun ló ṣíwájú. Kíláàsì tẹ̀lé e. Ó kó gbogbo ike tí ilé tẹ́tẹ́ ti ń bù fún un jáde, gbogbo ohun tó jẹ lára ẹ̀gbọ́n mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹlòmíì, ó kó o lé ìpín kẹta.

Bàbá awakọ̀ kan wà, ó ti fẹ̀yìn tì, ìdí wíìlì ló ń wà látàárọ̀. Ó ní, "Ìpín kẹta? Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀mejì léra wọn."

Méjìlá-Méjìlá ò tiẹ̀ wò ó. "Bàbá, ẹ jẹ́ káwọn tó mọ nǹkan kà ṣiṣẹ́."

Mo bu ètè mi jẹ kí n má baà kọrin. Bọ́ọ̀lù ń yí. Mo ti ń rí àga yẹn ní ṣọ́ọ̀bù wa. Mo ti ń nù ún.

18 · pupa

Ó jẹ.

6 · dúdú

Ó tún jẹ. Ó tún jẹ ẹ̀kẹta. Wọ́n gbé e sókè bí òkú olówó, wọ́n ń fi í jù sáfẹ́fẹ́. Mo fẹ́ẹ̀ gbé rìmóòtù mì.

Mo wo wíìlì yẹn. Igi àti irin. Kò gbọ́ òótọ́ tí bàbá awakọ̀ sọ. Kò gbọ́ irọ́ tèmi náà. Irọ́ tó dára jù tí mo pa láyé mi, kò tiẹ̀ yíjú wò ó.

13 · dúdú

[Ìwé tuntun lára ògiri àtẹ̀gùn. Ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀.]

ÀWỌN TÓ Ń SỌ PÉ Ọ̀GÁ KÌ Í TA DÀ?
Ó TA Á. Ó JẸ. Ó JẸ. Ó JẸ.

Yàrá òkè ti kún. Ẹni tó bá pẹ́ dé, kó gbé àga tiẹ̀ wá láti ilé.

0 · àwọ̀ ewé

Kó gbé àga tiẹ̀ wá láti ilé.

10 · dúdú

[Fóònù mi]

Ẹ̀GBỌ́N: O ti gbọ́?
ÈMI: Mi ò gbọ́ nǹkan kan
Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀gá jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìpín tó sùn. Ohun tó kọ́ mi gan-an gan-an
Ẹ̀GBỌ́N: Kò sóhun tó ṣe ọ̀nà yẹn. Èmi ni mi ò ní sùúrù
Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń padà lọ lọ́la
ÈMI: Ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́
ÈMI: Ẹ gbé fóònù
ÈMI: Ẹ GBÉ FÓÒNÙ

16 · pupa

[Ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n mi, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Oníbàárà kan jókòó sórí àpótí, torí kò sí àga. Mo tan fóònù kí n lè ní ẹ̀rí.]

ÈMI: Èmi ni mo ṣe é. Mo purọ́ sórí síkíríìnì. Ìpín kẹta ò sùn rárá, ó ń jáde dáadáa.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó jẹ àbí kò jẹ?

ÈMI: Ó jẹ, àmọ́…

Ẹ̀GBỌ́N: Tó bá jẹ́ irọ́ ló wà níbẹ̀, báwo ló ṣe jẹ?

ÈMI: Ó kàn jẹ ni! Ohun tí mò ń sọ nìyẹn! Kò sídìí!

Ẹ̀GBỌ́N: Àbúrò. Ta ló ní òun fi síbí tún sátẹ́láìtì ṣe?

ÈMI: Ìyẹn yàtọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló ní ààrẹ orílẹ̀-èdè kan ń bẹ òun nítorí rédíò?

ÈMI: Mi ò sọ pé ààrẹ. Mo ní aṣojú ẹ̀.

ONÍBÀÁRÀ: Ṣé kì í ṣe ìwọ lo sọ fún mi pé o dá gbé mọ́tò?

ÈMI: Mo gbé e!

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹ rí i.

[Ó tan kílípà. A ò gbọ́ nǹkan míì mọ́.]

1 · pupa

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹ̀ẹ̀kan ni mo sọ òótọ́.

24 · dúdú

[Ohùn tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́, àárọ̀ ọjọ́ kejì]

"Ọkọ mi kékeré, ẹ kú àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n yín ti gbé àpò kílípà jáde o. Gbogbo ẹ̀. Ó ní òun ń lọ pọ́n ọn. Mo ní ó dáa. Ìgbà tó lọ tán ni mo rí i pé ó kó ṣájà mọ́ ọn. Ṣé wọ́n ń pọ́n ṣájà ni? Kílípà yẹn nìkan ló kù tá a fi ń jẹun, ẹ mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, lónìí nìkan, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ kàn lọ bá mi mú un."

7 · pupa

[Yàrá òkè. Mo ti dé ṣáájú ẹ̀gbọ́n mi, mo sì ti ń tẹ rìmóòtù látìgbà tí wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Lórí síkíríìnì, ìpín kẹta ò mí mọ́. Fóònù mi wà ní títàn.]

ÈMI: Ọ̀gá, ṣé ìpín kẹta ti sùn?

MÉJÌLÁ-MÉJÌLÁ: Ó ti sùn fọnfọn. Jíjí ló kù.

ÈMI: Mo ní kò ní jí.

[Ẹ̀rín, gbogbo yàrá.]

MÉJÌLÁ-MÉJÌLÁ: Oníwáyà, kí lo mọ̀ nínú ẹ̀?

ÈMI: Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín.

[Kò sí ẹ̀rín.]

MÉJÌLÁ-MÉJÌLÁ: Kí lo gbé dání?

ÈMI: Àpótí irinṣẹ́ mi. Tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sí ìpín kẹta, tiyín ni, màá sì máa tún gbogbo nǹkan ilé yín ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ títí màá fi hewú. Tí kò bá bọ́ síbẹ̀, mò ń gbé àga yẹn lọ.

MÉJÌLÁ-MÉJÌLÁ: Àga jákujàku yìí?

ÈMI: Òun náà.

Ọ̀KAN LÁRA KÍLÁÀSÌ: Ọ̀gá, ẹ gbà á, ẹ gbà á! Ọmọ yìí ti ya wèrè.

MÉJÌLÁ-MÉJÌLÁ: Ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀.

[Irin ń kọlu àtẹ̀gùn. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e, wọ́n ń pariwo. Mo ti sọ fún yín pé ó wúwo.]

21 · pupa

Ẹ bá mi kà á. Ihò ìpín kẹta, méjìlá. Ihò tó kù, òdo mọ́ ọn, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Méjìlá tiẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tèmi. Òun ń wo síkíríìnì, èmi ń ka ihò, ibi tí ọgbọ́n mi mọ nìyẹn. Irọ́ mi ò lè ti bọ́ọ̀lù. Méjìlá-Méjìlá ni mo fi tì.

Wọ́n gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíìlì. Ó fẹ́ jókòó. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má jókòó sórí ohun tá a fi ń ta." Kíláàsì wojú ẹ̀. Ó wò yíká. Kò sí ibì kan.

Ó dúró. Ẹ̀yin èèyàn mi, Ó DÚRÓ. Inú mi dùn débi pé mo ga sí i, mo ń fi orí kan àjà.

3 · pupa

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé.

Kò sí àpò lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́. Ike ló kún ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì. Ó rí àga. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀, jẹ́ẹ́, bí ẹni tó rí ọ̀rẹ́ nínú èrò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró. Mo bẹ̀ yín. Mo ti fẹ́ gbà á fún yín."

"Wọ́n ní ìpín kẹta ti sùn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó wà lórí síkíríìnì, àbúrò."

Ó kó gbogbo ẹ̀ lé ìpín kẹta. Méjìlá-Méjìlá gbá a léjìká. "Ọmọ mi."

12 · pupa

Tó bá bọ́ sí ìpín kẹta: ẹ̀gbọ́n mi jẹ. Kílípà á padà, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ ò ní kúrò nílé tẹ́tẹ́ yìí mọ́ láé.

Tí kò bá bọ́ síbẹ̀: àga á padà sílé, kò ní sí kílípà tá a máa fi gẹrun lórí ẹ̀.

Mo la ẹnu kí n ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Dílà ti na ọwọ́ kọjá lórí tábìlì. Kò sẹ́ni tó lè fi ike mọ́, kò sẹ́ni tó lè mú un kúrò.

15 · dúdú

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, mo rí yín.

Ẹ ti ń yọ́jú wo nọ́ńbà tó wà lókè. Ẹ ti rí i pé látìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ìpín kẹta ò jáde rárá. Ẹ ti ń sọ nínú yín pé èyí tó kàn, èyí tó kàn ni.

Ta ló sọ fún yín pé bọ́ọ̀lù ló kọ nọ́ńbà yẹn?

Rìmóòtù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Yàrá òkè lẹ wà.

     ·     

Bọ́ọ̀lù ti ń rọra. Bàbá awakọ̀ ń wo bàtà ẹ̀. Méjìlá-Méjìlá wà lórí ìdúró, òógùn ń kán ní àgbọ̀n ẹ̀, ètè ẹ̀ ń lọ. Ẹ̀gbọ́n mi di ẹ̀yìn àga bàbá wa mú.

Mo gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń sọ ọ́ léraléra, kò jáde látàárọ̀, kò ní jáde, kò jáde látàárọ̀, kò ní jáde. Mo yíjú kí n wo òmùgọ̀ tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ẹnu mi ni.

Bọ́ọ̀lù ta ihò kan. Ó ta òmíràn. Ó dákẹ́.

Dílà bẹ̀rẹ̀, ó wo inú wíìlì. Ó gbójú sókè. Kò wo Méjìlá-Méjìlá. Kò wo èmi. Ẹ̀gbọ́n mi ló wò, ó sì pẹ́ lójú ẹ̀, kó tó wá la ẹnu, ó ní